Súyà, Àwòdì àti Léèsì Funfun

Ẹni tó bá fẹ́ ọkùnrin tó ń ya àwòrán ẹyẹ, kó má wọ aṣọ funfun tẹ̀lé e jáde. Bàbá Ìbejì kì í wo fọ́tò ya ẹyẹ. Ó ní ẹyẹ inú fọ́tò kì í mí. Nítorí náà, ibi tí ẹyẹ bá wà la máa ń wà, ì báà ṣe orí ààtàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí ọyẹ́ mú gan-an, à ń lọ síbi ìnáwó ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi kan ní Kubwa. Léèsì funfun ló wà lọ́rùn mi, gèlè mi sì ga débi pé ńṣe ni mo tẹ orí wọ mọ́tò. Ọkọ mi ní ká yà sí etí adágún Jabi díẹ̀, pé àwòdì wà níbẹ̀. Irọ́ kọ́, bí òjò bá ti dá ni wọ́n ń ya wọ Àbújá. Ṣùgbọ́n "díẹ̀" ti ayàwòrán, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n.

Mo ra súyà onígi lọ́wọ́ máláàmù kan, mo dúró ti ọkọ mi. Ó ti gbé pátákó tó ń po ọ̀dà sí lé orí àpótí, ó ń wọ́n omi sí i léraléra, torí ọyẹ́ kì í pẹ́ gbẹ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Tó bá sì ti gbẹ sára aṣọ, kò sí ọṣẹ tó ń bọ́ ọ. Ó gbójú sókè, ó ń ráhùn: ìrù àwòdì tó là níparí, tó fi ń darí ara rẹ̀, nìkan lòun ń rí, òun ò rí ojú rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n ti ń jó," mo sì fi igi súyà tọ́ka sọ́nà.

Àfi fààà! Ìyẹ́ gbá mi létí. Súyà ti lọ, tigi-tigi. Mo fi igbe ta, mo fò sẹ́yìn, ìdí mi sì balẹ̀ gbàgà sórí pátákó ọ̀dà.

Ṣé ọkọ mi bèèrè bóyá ó ha mí lọ́wọ́? "Ìyá Ìbejì, ṣé o rí àgógó rẹ̀? Àwọ̀ ìyeyè gan-an ni!" Ó ti ń yà á lọ ràì. Àwòdì ò tiẹ̀ bà, òfuurufú ló ti ń jẹ ẹran mi, ó ń fi èékánná gbé e sẹ́nu. Máláàmù ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú.

Ìgbà tá a dé Kubwa, ẹ̀bá ògiri ni mo ń gbà rìn. Ìyá àgbà kan rí mi, ó fà mí mọ́ra, ó yí mi po.

"Ọmọ mi, Wuse lo ti rí ọnà yìí ni? Èló ni yáàdì kan?"

Kí n tó lanu, Bàbá Ìbejì ti dọ̀bálẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mà."

Màmá ní òun fẹ́ ẹ. Àwọn tó jókòó tì wọ́n náà fẹ́ ẹ. Kó tó di pé ìrẹsì délẹ̀, wọ́n ti ní kó ṣe é fún ẹgbẹ́ wọn lódindi, àwọn fẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí.

Ọkọ mi sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyá Ìbejì, ṣé o ṣì rántí bó o ṣe jókòó?"