Ebi ló ń náwó ní Disney

Òní la wọ Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ìgbádùn Disney World ní Florida. Ẹsẹ̀ ń ro mí, àwọn ọmọ ti sùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Ebi àti òùngbẹ ló ń gbowó lọ́wọ́ òbí níbẹ̀. Ọmọ tó bá yó á gba ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ oúnjẹ kọjá, kò ní bojú wò ó. Ẹ wá jẹ́ kí ebi pa á lórí ìlà, nínú oòrùn Florida, ohun tójú bá kọ́kọ́ rí lẹ máa rà, iye tí wọ́n bá sì pè é lẹ máa san. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fún àwọn tèmi lóúnjẹ kí ebi tó dé rárá.

Torí oúnjẹ náà la ṣe gba ilé tó ní ilé ìdáná ní Kissimmee, ìlú tó wà nítòsí ọgbà náà, dípò hòtẹ́ẹ̀lì. Kílẹ̀ tó mọ́ lónìí, Màmá ọkọ mi ti gbé mọ́ínmọ́ín kaná. Èmi bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fúláàsì, mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ṣinṣin tì í. Disney gbà kéèyàn gbé oúnjẹ àti ohun mímu tí kò ní ọtí wọlé. Wọn ò gba ìgò gíláàsì, wọn ò gba yìnyín tí wọ́n dà sínú kúlà, kúlà náà ò sì gbọdọ̀ ju íǹṣì 24 ní gígùn, 15 ní fífẹ̀, 18 ní gíga. Nítorí ọ̀rọ̀ yìnyín yìí, inú fírísà làwọn ike omi wa ń sùn. Àwọn ló ń mú kí oúnjẹ tutù láàárọ̀. Nígbà tó bá máa fi dọ̀sán, wọ́n á ti yọ́, a ó sì mu wọ́n.

Ọmọbìnrin tó ń yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà mú mọ́ínmọ́ín kan jáde pẹ̀lú fóìlì rẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí ni. Mo ní ẹ̀wà ni, a lọ̀ ọ́ ká tó sè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà síbi tó wà, ó ní ká máa lọ.

Omi ni kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Owó ike omi kan ṣoṣo nínú ọgbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odidi páálí ní Walmart. Bẹ́ẹ̀, ìsọ̀ oúnjẹ tó bá ń fa ohun mímu láti ẹnu ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bu omi oníyìnyín fúnni, kéèyàn ṣáà ti béèrè. Mo tò sórí ìlà ní Cosmic Ray's lọ́sàn-án, mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́ọ̀pù márùn-ún. Wọ́n tò ó sórí tiréè fún mi, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ọkọ mi dà á sínú àwọn ike tó ti gbẹ.

Màmá ò kọ́kọ́ fẹ́ jẹun níta. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ṣé kò ní tì wá lójú, ká máa ṣí abọ́ láàárín àwọn òyìnbó?”

Mo ní, “Màmá, ẹ wẹ̀yìn yín.”

Ìdílé òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi bọ́tà ẹ̀pà pa búrẹ́dì fáwọn ọmọ wọn látinú báàgì. Màmá wò wọ́n títí, wọ́n ní kí n bu ìrẹsì wá.

A ò fi ahun ṣe é o. Owó tí a ò ná sórí omi àti ìpápánu la fi ra ohun tí kò sí nílé wa: Dole Whip ní Aloha Isle, áísíkiriìmù ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó mú kí àbíkẹ́yìn mi dákẹ́ jẹ́ẹ́ fúngbà àkọ́kọ́ lónìí, àti itan tòlótòló tí wọ́n fi èéfín yan, tí àwa àgbà pín jẹ. Màmá ló gba egungun. Wọ́n ní ó ń ta sánsán bí ẹran ìgbẹ́ tí bàbá àwọn máa ń yan lóko.

Ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé e wá bá èèyàn nídìí tábìlì la ò dé. Owó orí ìjọba ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún á gun iye tí wọ́n kọ, tíìpù ìdá 18 sí 20 á tún gun ìyẹn. Àkọ́bí mi sì ti pé ọdún 10, àgbà ló jẹ́ lójú wọn: iye tí èmi máa san lòun náà máa san, bẹ́ẹ̀ síbí márùn-ún ló máa jẹ tá á ní òun ti yó.

EPCOT, ọgbà Disney mìíràn, ló kàn lọ́la. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ní àṣà orílẹ̀-èdè 11 ló yí adágún ibẹ̀ ká, oúnjẹ kálukú sì wà níbẹ̀, torí náà kúlà á fúyẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú orílẹ̀-èdè kan, a ó ra nǹkan kan níbẹ̀, gbogbo wa á tọ́ ọ wò. Màmá ti mú Mòrókò.