Mọ́tò oníná láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́: kí ló wà láàárín ọ̀nà?

"Bó bá tán lójú ọ̀nà ńkọ́?" Kò sẹ́ni tí kò bi wá, látorí máígádì tó ṣí géètì fún wa n'Íbàdàn dórí àwọn mọ̀lẹ́bí tá a lọ bá ṣòkú màmá àgbà l'Ákúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni mọ́tò náà, ti Ṣáínà ni, bátìrì ẹ̀ á máa gbà tó yúníìtì 50, yúníìtì kan náà tẹ́ ẹ̀ ń rà sínú mítà nílé yẹn. Látìgbà tí wọ́n ti kéde ní May 29, 2023 pé subsidy ti lọ ni ẹ̀gbọ́n ti ń bínú sí ilé epo, ìbínú yẹn ló sì rà á.

Ti ìgboro ò le rárá. Tẹ́ ẹ bá ti ní iná nílé, ẹ fi sí i lálẹ́, ó ti kún láàárọ̀, ó parí. Ọ̀nà jíjìn ni wàhálà. Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 kìlómítà, mọ́tò yìí á sì máa lọ bíi 270 tẹ́ ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ sì tan AC, nítorí náà a mọ̀ pé a máa débẹ̀, a ò kàn mọ bá a ṣe máa padà ni.

A kọjá Àsèjíre, a ra dòdò n'Íkirè (ẹni bá kọjá Ìkirè tí ò ra dòdò, kí ló wá lọ ṣe lọ́nà yẹn gan-an?), a gba Ifẹ̀ kọjá, a dé Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n kọ̀, kò lọ ju 90 lọ. Gbogbo Sienna tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń fun fèrè sí wa lórí, wọ́n á yà wá sílẹ̀, wọ́n á tún bojú wẹ̀yìn bóyá ẹni tó ń wà á ń sùn ni. Lẹ́yìn Iléṣà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lápá Erin-Ìjẹ̀ṣà yẹn, pẹrẹsẹ́ńtì ń já lójú wa bẹ́ẹ̀, àmọ́ tá a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì á yí padà di jẹnẹrétọ̀ fúnra ẹ̀, á máa dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì. Mo rí i tó lọ sókè láti 41 sí 42, mo pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ilé epo tó wà láàárín Ifẹ̀ sí Àkúrẹ́ ò lóǹkà. Ibi tá a lè ki wáyà mọ́tò yìí bọ̀ kó tètè kún, a ò rí ẹyọ kan. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, kò sí. Ìgbàrà-Òkè, kò sí. A wọ Àkúrẹ́ pẹ̀lú pẹrẹsẹ́ńtì 28.

Hòtẹ́ẹ̀lì ló wá di ìṣòro. Ẹ̀gbọ́n ti fóònù wọn ṣáájú, wọ́n ní iná wà, kó máa bọ̀, àṣé iná fóònù ni wọ́n rò pé ó ń sọ. Àpótí kékeré tó wà lára wáyà tá a fi ń ṣájì, tó bá ti ríi pé sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ò ní earth, ìyẹn wáyà tó wọnú ilẹ̀ lọ, iná pupa ló máa tàn, kò ní jẹ́ kí nǹkan kan wọlé. Yàrá wa, pupa. Ẹnu ọ̀nà rìsẹ́pṣàn, pupa. Mánijà ní ṣebí fíríìjì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ló dé tí tiyín ò ṣiṣẹ́? Ọmọkùnrin tó ń se oúnjẹ ló rántí pé nígbà tí wọ́n gbé fíríísà ńlá dé, ẹni tó fi wáyà sí i gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ri irin mọ́ ọn. A gbé mọ́tò lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Àwọ̀ ewé tàn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, ìyáálé kan tó ń fọ abọ́ níbẹ̀ ní "ẹ kú oríire o", kò tiẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán, kílówáàtì méjì (yúníìtì méjì ní wákàtí kan) ló máa ń gbé wọlé, ìyẹn tí fóltéèjì bá pé. Ti ibẹ̀ ń ṣe bíi 185, wọ́n tún múná lọ láàárín òru, wọ́n dá a padà nígbà tí àkùkọ ti ń kọ. Nígbà tá a máa fi jẹun àárọ̀ tán, ó kàn wọ 60 ni. Ẹ̀rọ ṣájà tó ń yára, èyí tó kéré nínú wọn, 50 kílówáàtì ló ń yọ. Ohun tá a fi gbogbo òru wá yẹn, láàárín ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ló máa parí ẹ̀, ká jẹ iyán ká fọwọ́ ni.

Níbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣòfin ní 2023 pé kó tó di òpin 2025, lójú àwọn títì ńlá tó ṣe pàtàkì jù, kí ibi ìṣájì mọ́tò má jìnnà síra ju 60 kìlómítà lọ. Amẹ́ríkà náà ya bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là sọ́tọ̀ nínú òfin wọn ti 2021, wọ́n ní kí ó wà ní gbogbo máìlì 50, kí ẹnu rẹ̀ tó mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ 150 kílówáàtì. Tiwọn náà ò yára o, òṣèlú tún dá a dúró ní 2025 kí wọ́n tó tún gbé e dìde. Tiwa ńkọ́? Ìjọba gbé ẹ̀rọ onísólà sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó ní 2021, wọ́n tún gbé e sí UNILAG àti Nsukka. Ó dáa, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú ọgbà yunifásítì ni, ta ló ń gba inú ọgbà yunifásítì kọjá lọ sí Benin?

Bẹ́ẹ̀ sì ni a ò kàn lè da ohun tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún kọ. Tíransifọ́mà àdúgbò wa púpọ̀, 300 tàbí 500 kVA ni (kVA kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kílówáàtì kan). Ẹ gbé ẹ̀rọ 150 kílówáàtì méjì sí i, kí mọ́tò méjì gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àdúgbò ló máa wà nínú òkùnkùn. Ohun tó máa ṣiṣẹ́ níhìn-ín ni kí ibi ìṣájì ní bátìrì ńlá tirẹ̀: sólà àti iná NEPA á máa rọra sẹ̀ sínú ẹ̀ látàárọ̀, bí omi ẹ̀rọ tó ń kán sínú dúrọ́ọ̀mù, nígbà tí mọ́tò bá dé, ẹ bù ú lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tá a ń padà, a forí lé Oǹdó. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ò jìn, kò tó 50 kìlómítà, a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà l'Ọ́wẹ̀nà, a kọjá Bọ́lọ́runduró, 43 ló kù nígbà tá a wọ̀lú. Láti ibẹ̀ gba Ifẹ̀ padà sí Ìbàdàn, 43 ò lè gbé wa délé. Ẹnì kan tí ẹ̀gbọ́n mọ̀ ló sọ pé ká lọ bá bàbá kan tó ní sọ́míìlì.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyí o. Sọ́míìlì ní laìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ní wáyà tó nípọn, earth wọn dúró, torí ẹ̀rọ tó ń la gẹdú kì í bá sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ṣeré. Bàbá wo mọ́tò yíká.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé kò ní jó mi ní mítà?"

"Rárá sà. Kò tó ẹ̀rọ yín kan ṣoṣo tó ń lagi yẹn, bàbá."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Oníná wọn ja wáyà láti orí laìnì kan, ó fi bíréékà 40 sí i, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba bíi kílówáàtì méje. Ìyẹ̀fun pákó bò ó funfun kí n tó ṣẹ́jú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti tan ayùn ńlá, ẹ ó rí fóltéèjì lójú mọ́tò tó máa já láti 228 sí 205, mọ́tò fúnra ẹ̀ á dín ohun tó ń gbà kù, tí ayùn bá ti dúró, á tún gòkè. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀, a ti wà ní 84. A ti wo mítà tẹ́lẹ̀, a tún wò ó, yúníìtì 23 ló lọ. Tá a bá fi owó Band A ìgbà yẹn ṣírò ẹ̀, bíi ₦5,000 ni.

Bàbá wá sọ ohun tó yà mí lẹ́nu. Ó ní gẹdú ò wọ́pọ̀ mọ́ nínú igbó bíi tàtijọ́, pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ayùn kì í ṣiṣẹ́ kọjá ọ̀sán, tíransifọ́mà tóun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ òun dáwó rà á kàn dúró ni, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ wò ó, iná tó lágbára ti wà nílẹ̀ lẹ́bàá títì, kò sẹ́ni tó ń lò ó! Àti ní Oǹdó, àti ní Ọ̀rẹ̀, àti lójú ọ̀nà Iléṣà, sọ́míìlì àti ibi tí wọ́n ti ń pa ìrẹsì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ibẹ̀ ló yẹ káwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ sí kọ́kọ́ lọ, kí ìyá olóúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ẹ̀rọ náà sì pé méjì, torí ẹyọ kan tó bá bàjẹ́, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e sun ọ̀nà nìyẹn. Kí wọ́n sì rí i pé orí wáyà tó bá mọ́tò Ṣáínà mu wà níbẹ̀, torí GB/T ni tiwọn púpọ̀, àwọn mìíràn CCS2, ọ̀kan kì í wọnú èkejì.

Bàbá ní òun ò ní lówó ẹ̀rọ o. Kí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ gbé e wá, òun ní ilẹ̀ àti tíransifọ́mà, káwọn pín èrè, àmọ́ kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é, ìwé ni.

A dé Ìbàdàn pẹ̀lú 31. Ẹ̀gbọ́n ti ń dárúkọ Benin báyìí, mo ní kó kọ́kọ́ bá mi rí sọ́míìlì kan l'Ọ́rẹ̀ kí n tó wọ mọ́tò yẹn.