Sharps tuntun tó dà bí ti àtijọ́

Ẹni tó bá sọ pé Sharps 1874, ìbọn Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n tún ń ṣe irú rẹ̀ lóde òní, kì í ṣe ìbọn gidi mọ́, èmi ò gbà fún un. Èyí tí mò ń lò ní Texas níbí, ilé-iṣẹ́ Pedersoli ló ṣe é, ní Gardone Val Trompia nílẹ̀ Ítálì, ìlú tí wọ́n ti ń rọ ìbọn láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Ọta ẹyọ kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní .45-70, tó fẹ̀ tó nǹkan bí íńṣì 0.45.

Inú ọ̀pá rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ilà tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ ń yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íńṣì 18. Ti Springfield 1873 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò, íńṣì 22 ni. Yíyí kánkán yẹn ló ń jẹ́ kí ọta òjé gígùn, tó wúwo tó gíréènì 500 (bíi gíráàmù 32), dúró ṣánṣán lójú òfuurufú. Ṣùgbọ́n tí èérí ẹ̀tù dúdú bá gbẹ sínú ọ̀pá, ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáko. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ èémí sínú rẹ̀ gba ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti yìn ín, kí ọ̀rinrin ẹnu mi lè mú èérí náà rọ̀.

Nípa iṣẹ́ ọwọ́, ẹ wo ibi tí igi ti pàdé irin. Mo ti di ìbọn ilé-iṣẹ́ kan mú rí tí èékánná mi wọ àárín méjèèjì, inú sì bí mi, torí owó rẹ̀ ò kéré. Ti Shiloh, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe Sharps ní Big Timber, Montana, dán mọ́rán gan-an, àmọ́ oníbàárà máa ń dúró pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Mo ti ń tọ́jú owó tèmi.