Màdáàmù Onírùngbọ̀n

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.

Mọkálíìkì ni mí, Bọ́láńlé ni bàbá mi sọ mí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba ní ẹni tí kò bá so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ síìmù rẹ̀, àwọn máa ti láìnì onítọ̀hún pa. Ni gbogbo àwa tí a ti ń fònídónìí-fọ̀ladọ́la bá tú jáde bí eéṣú. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo dé ọ́fíìsì NIN, nọ́ńbà 187 ni wọ́n kọ fún mi. Ọjọ́ kẹta ni mo tó wọlé.

Ìtẹ̀ka ló wá dìjà. Ẹ̀rọ ò rí ìka mi kà. Ọ́ìlì àti sípánà ti fá a dán. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, mo fi Omo fọ̀ ọ́, mo fi ra orí. Nígbà tó máa fi gbà, inú ti bí obìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, kò tiẹ̀ wojú mi mọ́. Ó ka orúkọ mi, ó tẹ F. Ẹ ò lè bá a wí púpọ̀, ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá kì í sáà sọ akọ, kì í sọ abo. Èmi náà rí F yẹn lórí síliìpù o. Mo rò pé "Finish" ni, pé wọ́n ti parí tèmi.

Ó di ọjọ́ kan, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Mówè, mò ń gbé sípíà páàtì lọ sí Ìbàdàn nínú àpò ìrẹsì. Ọlọ́pàá dá wa dúró ní márosẹ̀. Ó wo àpò, ó wo ọwọ́ mi tó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ní káàdì ìdánimọ̀ dà? Tayọ̀tayọ̀ ni mo yọ síliìpù. Ó kà á, ó wo irùngbọ̀n mi, ó tún un kà.

"Ta ni Bọ́láńlé?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Obìnrin ni wọ́n kọ síbí. Káàdì ta lo jí?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ wo fọ́tò. Ó gbé e sójú oòrùn. Fọ́tò ọ̀hún dúdú kirikiri, eyín nìkan ló hàn, eyín ò sì ní akọ ní abo.

Ìyá àgbà kan tó gbé ẹ̀fọ́ lẹ́sẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ̀fọ́ mi ń rọ o. Bó bá jẹ́ obìnrin ńkọ́, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

Ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ síliìpù sí mi: "Màdáàmù, ẹ máa lọ."

Mo rò pé ó tán nìyẹn. A dé Toll Gate, mo ní màá sọ̀. Kọ̀ńdọ́ gbá ara ọkọ̀ gbàà, ó fi gbogbo ẹnu pariwo:

"Dẹ́rẹ́bà, dúró re o! Ó lóyún, ó pọnmọ!"