Ohun tí mo kọ́ nípa dídarí àwọn ará ìjọ sí òǹkọ̀wé Kátólíìkì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ìtọ́jú ìwé páríṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́, mo ń ka ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́yìn Mísà, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ẹ ń yin òǹkọ̀wé tí ẹ kò tíì ṣí ìwé rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ fi ọdún tí òǹkọ̀wé wọ Ìjọ wé ọdún tí ó kọ ìwé. 1922 ni G. K. Chesterton, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, di Kátólíìkì, 1908 sì ni ìwé rẹ̀ Orthodoxy jáde. Ìwé gidi ni, ẹ máa fún ènìyàn kà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Kátólíìkì nígbà tó kọ ọ́. 1845 ni John Henry Newman, tó ti jẹ́ àlùfáà Áńgílíkà, wọ Ìjọ Kátólíìkì. Ìwàásù àlùfáà Áńgílíkà ni gbogbo èyí tó ṣe ní Oxford ṣáájú ìgbà náà. Ní ti C. S. Lewis, òǹkọ̀wé tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kò di Kátólíìkì títí ó fi kú ní 1963.

Ìkejì, ẹ ṣí ẹ̀yìn ewé àkọlé, níbi tí wọ́n ń tẹ àṣẹ Ìjọ sí. Nihil obstat ni ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n yàn láti yẹ ìwé wò. Imprimi potest wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹgbẹ́ tí òǹkọ̀wé ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Imprimatur ni àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù. Kò túmọ̀ sí pé bíṣọ́ọ̀bù fara mọ́ gbogbo èrò inú ìwé náà. Ìwé àdúrà àti ìwé katikísímù nílò àṣẹ. Ìtàn àròsọ Flannery O'Connor, Kátólíìkì ará Amẹ́ríkà, kò nílò rẹ̀, ẹ má fi ìyẹn kọ̀ ọ́.

Ìkẹta ló ń dùn mí jù: ọ̀rọ̀ tí a fi sẹ́nu ẹni tí kò sọ ọ́. "Olúwa, sọ mí di ohun èlò àlàáfíà rẹ." Gbogbo yín ń kọ orúkọ Fransisi Mímọ́ ti Assisi sábẹ́ rẹ̀. 1226 ni Fransisi kú. Oṣù Kejìlá 1912 ni àdúrà yìí kọ́kọ́ fara hàn, ní èdè Faransé, nínú ìwé ìròyìn kékeré kan ní Paris tó ń jẹ́ La Clochette, láìsí orúkọ òǹkọ̀wé. Ní nǹkan bí 1918, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì tí àwòrán Fransisi wà níwájú rẹ̀. Àwòrán wà níwájú, àdúrà wà lẹ́yìn, ni aráyé bá so méjèèjì pọ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé kò burú níwọ̀n ìgbà tí àdúrà náà dára. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á fi owó rẹ̀ ra àkójọ ìwé Fransisi, á wá a láti ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò ní rí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún sọ pé kó ka òmíràn, ta ni yóò gbà yín gbọ́? Ẹni tó bá béèrè ojú ewé ni wọ́n ń pè ní olóríkunkun láàárín wa. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ Ògọ́sítínì jáde pé ọkàn wa kò sinmi títí yóò fi sinmi nínú Ọlọ́run, ẹ kọ orúkọ ìwé rẹ̀ àti ibi tó wà síbẹ̀: Confessiones, Ìwé Kìíní, orí kìíní. Èyí tí ẹ kò bá fi ojú ara yín rí nínú ìwé, ẹ má lẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá wá Fransisi wá, ẹ fún un ní Orin Ẹ̀dá, Ìṣítí méjìdínlọ́gbọ̀n tó fi sílẹ̀, àti Májẹ̀mú tó sọ kí wọ́n kọ ní 1226. Ẹ fún un ní àdúrà náà pẹ̀lú, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: a kò mọ òǹkọ̀wé rẹ̀, Paris, 1912.