Ààfin tí wọ́n kọ́ de ọba tí kò wá

Àǹtí mi ló kọ́kọ́ béèrè. A dúró ní Piazza del Plebiscito ní ìlú Nápólì, oòrùn oṣù Keje ń pa wá, a kọjú sí Ààfin Ọba. Ère ọba 8 ló tò lọ rẹrẹ níwájú ààfin náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un sí ara ògiri. Ó ti pẹ́ tí Àǹtí ti ń gbé ìlú yìí, kò sì mọye ìgbà tó ti gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló tó tẹjú mọ́ wọn.

Ó ní, "Àkànní, ìwọ tí o fẹ́ràn ìwé ìtàn, èwo nínú wọn ló kọ́ ilé yìí?"

Mo ní, "Kò sí níbẹ̀, Àǹtí. Wọn ò yá ère tirẹ̀ síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé mi wá. Láti ọdún 1503 títí dé 1707, ọba Spéìn ló ni Nápólì àti gbogbo gúúsù Ítálì, ṣùgbọ́n Spéìn ni ọba jókòó sí. Ẹlòmíràn ló ń rán wá pé kó máa ṣe ìjọba ní orúkọ òun. Virrey ni àwọn ará Spéìn ń pè é, ẹni tó dúró sípò ọba. Mo ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a mu tipẹ́. Adelé kọ́, nítorí ìgbà tí àga bá ṣófo la máa ń ní adelé, àga tibẹ̀ kò sì ṣófo, ó kàn jìnnà ni. Ajẹ́lẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù lọ, irú èyí tí Ìbàdàn ń fi sí àwọn ìlú Èkìtì kí Ogun Kírìjì tó bẹ́. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà: ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn máa ń bá ọba ìlú nílé ni, ọba ọ̀hún á sì wà lórí ìtẹ́ rẹ̀. Ní Nápólì, kò sí ọba mìíràn nílé. Inú ààfin gan-an ni ajẹ́lẹ̀ ń gbé, òun làwọn ìjòyè ń wólẹ̀ fún, òun ló ń gbowó orí, òun ló ń dájọ́ ikú. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi í síbẹ̀, bí inú ọba bá dùn sí i, wọ́n á fún un ní mẹ́ta mìíràn.

Ọba Umberto I ti Ítálì ló ní kí wọ́n kó àwọn ère yẹn síbẹ̀ ní ọdún 1888. Carlos V, ọba Spéìn, wà lára wọn, ó na ìka sílẹ̀ bíi pé òun ló ni ilẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá sí Nápólì, nígbà tó ń ti ogun Tunis bọ̀: ó dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1535, ó sì lọ ní oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ajẹ́lẹ̀ tó fi igba ọdún gbé ìlú yìí ró, tàbí tí wọ́n fi igba ọdún fà á ya, kò sí ẹyọ kan nínú ihò wọ̀nyẹn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ìtàn ilé náà fúnra rẹ̀ tún wá ju ti ère lọ. Ní ọdún 1600, ìròyìn kàn pé Felipe III, ọba Spéìn, ń bọ̀ wá wo Nápólì. Ajẹ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni Fernando Ruiz de Castro, Kaúńtì ti Lemos. Ààfin àwọn ajẹ́lẹ̀ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ilé ajẹ́lẹ̀ kò yẹ ọba. Ó bẹ Domenico Fontana lọ́wẹ̀, ọ̀gá kọ́lékọ́lé tó gbé òpó òkúta ńlá ti Íjíbítì náró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Fontana fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Felipe kò wá. Kaúńtì yẹn kú ní ọdún 1601, ilé kò tíì ga. Àwọn tó rọ́pò rẹ̀ ń kọ́ ọ lọ, àwọn náà ni wọ́n sì kó wọ inú ilé tí wọ́n fi de ọba.

A wọlé ní ọjọ́ kejì. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí mo pẹ́ nínú rẹ̀ títí ọrùn fi ń ro mí, nítorí òkè àjà ni ohun tí mo wá wò wà. Battistello Caracciolo ya ìtàn Gonzalo Fernández de Córdoba síbẹ̀, ọ̀gágun tó gba Nápólì lọ́wọ́ àwọn ará Faransé ní 1503. El Gran Capitán ni wọ́n ń pè é. Òun ni ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ wò ó lókè níbẹ̀ lórí ẹṣin, pẹ̀lú àwọn tó ń kí i káàbọ̀. Ohun tí òkè àjà kò sọ ni pé òkìkí rẹ̀ ba Ọba Fernando ti Spéìn lẹ́rù. Ní 1506 ọba wọkọ̀ ojú omi wá sí Nápólì fúnra rẹ̀, nígbà tó sì máa padà ní 1507, ó mú ọ̀gágun náà dání lọ sílé. Kò tún fún un ní irú ipò bẹ́ẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Mo rò pé gbogbo ajẹ́lẹ̀ tó gba abẹ́ àwòrán yẹn kọjá ló mọ ohun tó ń kọ́ wọn: ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ jù.

Bí ẹ bá ti jáde láàfin tí ẹ yà sí ọwọ́ ọ̀tún, Via Toledo lẹ máa bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń rò pé ìlú Toledo ní Spéìn ni wọ́n fi sọ títì yìí. Rárá o, orúkọ ènìyàn ni. Pedro de Toledo jẹ ajẹ́lẹ̀ láti 1532 títí dé 1553, ọdún 21 gbáko, kò sì sí ẹni tó pẹ́ tó o níbẹ̀. Ní 1536 ló la títì náà. Nígbà tí Ítálì di ọ̀kan, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Via Roma ní 1870, àwọn ará ìlú kò gbà, Toledo ni wọ́n ń pè é lọ. Ní 1980 ìjọba dá orúkọ rẹ̀ padà fún un.

Ọwọ́ òkè títì yẹn ni Quartieri Spagnoli wà, àdúgbò tó kọ́ fún àwọn ọmọ ogun Spéìn. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ tín-ín-rín, ó gún régé bí ìlà ọ̀pọ́n ayò, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn bo ojú ọ̀run mọ́lẹ̀. Pedro yìí kan náà ló kó gbogbo ilé ẹjọ́ ìlú jọ sí Castel Capuano, tó tún odi Sant'Elmo kọ́ sórí òkè bí ìràwọ̀ oníka mẹ́fà. Àwọn kan á wo odi yẹn, wọ́n á ní nítorí àwọn ará Tọ́kì ni. Èmi gun orí rẹ̀, mo sì rí i pé gbogbo ìlú ló wà lábẹ́ ìbọn rẹ̀. Ní 1547, nígbà tó fẹ́ gbé ilé ẹjọ́ àdámọ̀ ti Spéìn (Inquisition), tó ń fìyà jẹ ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá yapa sí ti Ìjọ, wọ Nápólì, olówó àti mẹ̀kúnnù jùmọ̀ dìde sí i, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, wọ́n sì ní láti jáwọ́ níbẹ̀.

Mo wá ibojì rẹ̀ lọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì San Giacomo degli Spagnoli ló wà, èyí tó dá sílẹ̀ ní 1540 fún àwọn ará Spéìn tó wà ní ìlú náà. Ní ayé àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn, wọ́n kọ́ ọ́fíìsì ìjọba gàgàrà yí i ká, ó gbé e mì. Ènìyàn lè kọjá lójú ilẹ̀kùn rẹ̀ kó má mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ó ti pa. Mo padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn pẹpẹ ni ẹ máa lọ. Giovanni da Nola ló gbẹ́ ẹ, òkúta mábù funfun: Pedro àti ìyàwó rẹ̀ Maria kúnlẹ̀ sókè, obìnrin mẹ́rin dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ogun tó jà sì wà lára ògiri ibojì náà yíká. Ìyàwó ń ka ìwé àdúrà. Ojú rẹ̀ balẹ̀ débi pé mo rọra ń mí.

Pedro kò sí nínú rẹ̀. Ní 1553, nígbà tó ti darúgbó, wọ́n rán an pé kó lọ jagun Siena. Ó dé Florence, níbi tí ọmọ rẹ̀ Eleonora ti jẹ́ ìyàwó Cosimo de' Medici, Dúkù ìlú náà, ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Ọjọ́ kẹta, Àǹtí ní kí n bá òun lọ sọ́jà. Ẹ̀gbẹ́ Porta Nolana ló ń gbé, ọjà ẹja àti èso ibẹ̀ kò jìnnà sílé rẹ̀ rárá. Ó ń ra èso ọ̀pọ̀tọ́, ó ń ná an bí ẹni tó wà ní Bódìjà, ni mo bá rántí pé ìrìn díẹ̀ ló kù ká dé Piazza Mercato, àti pé oṣù Keje la wà. Mo sọ ọ́ fún un bí a ti ń lọ.

Ní 1647, Spéìn ń jagun káàkiri Yúróòpù, owó kò tó, Nápólì sì ni wọ́n ń fún bí ọsàn. Ajẹ́lẹ̀ ìgbà náà ni Rodrigo Ponce de León, Dúkù ti Arcos. Ní oṣù Kìíní ọdún yẹn ló fi owó orí lé èso, èso tí mẹ̀kúnnù fi ń gbé ẹ̀mí ró nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ìjà bẹ́ láàárín àwọn aléso àti àwọn agbowó orí ní ọjà yẹn, wọ́n da ọ̀pọ̀tọ́ sílẹ̀, wọ́n fi èso lu agbowó orí. Apẹja kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 27, Tommaso Aniello, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Masaniello, ló ṣíwájú wọn. Wọ́n ya lu ààfin. Ajẹ́lẹ̀ sá, ó sì lọ fara pamọ́ sínú odi.

Ohun tí wọ́n ń pariwo lẹ́nu ni kò kúrò lọ́kàn mi: "Kí ọba Spéìn ó pẹ́! Kí ìjọba burúkú ó kú!" Ọba tí wọn kò rí rí ni wọ́n ń súre fún. Ẹni tó ń gbé àárín wọn, tó ń kó owó náà ránṣẹ́ sí ọba, òun ni wọ́n ń ṣépè lé. Àǹtí dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ọba mọ̀ sí i nígbà náà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi onítọ̀hún síwájú ni." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé ìdí tí ìjọba náà fi pẹ́ tó igba ọdún nìyẹn.

Masaniello ṣe olórí ìlú fún ọjọ́ díẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ bá a ṣe ìpàdé, ó fi aṣọ àti ọ̀rọ̀ dídùn pọ́n ọn lé, orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ní ọjọ́ 16, wọ́n yìnbọn pa á ní ilé ìjọsìn Carmine, wọ́n gé orí rẹ̀ lọ fún ajẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, búrẹ́dì tí wọ́n ń tà fún ìlú ti fúyẹ́. Ìgbà yẹn ni ojú wọn là. Wọ́n lọ wá orí rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ara, wọ́n sì fi ẹkún àti agogo sin ín bí ọba. Ọ̀tẹ̀ kò tán títí oṣù Kẹrin 1648. Ajẹ́lẹ̀ tó gba ìlú padà, Kaúńtì ti Oñate, fi ìyà jẹ wọ́n gidigidi. Òun náà ló kọ́ àtẹ̀gùn ńlá tí èmi àti Àǹtí gùn nínú ààfin. Ọdún 1651 ló fi lélẹ̀, nígbà tí ìlú ti dákẹ́.

Ní Carmine, òkúta ìrántí Masaniello wà. Àǹtí tan àbẹ́là kan.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn la wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Portici, lábẹ́ òkè oníná Vesuvio. Lẹ́bàá títì níbẹ̀, òkúta ńlá kan wà tí wọ́n fi èdè Látìn kọ ọ̀rọ̀ sí. Òkè náà bú gbàmù ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1631, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 3,000. Kaúńtì ti Monterrey ni ajẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí òkúta yìí, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ fún àwọn tí kò tíì dáyé. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún Àǹtí: "Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ." Bí ẹ bá gbọ́n, ẹ gbọ́ igbe òkúta yìí. Ẹ má wo ilé, ẹ má wo ẹrù, ẹ má fi falẹ̀, ẹ sá.

Nísàlẹ̀ pátápátá, orúkọ ọba ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ti ajẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì: pro rege. Dípò ọba.

Àǹtí ní, "Lẹ́yìn tí òkè yẹn bú, ṣé ọba wá wò wọ́n?"

"Kò wá, Àǹtí."

Ó yíjú sókè, ó wo òkè náà. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ló ń rí i ní àràárọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní kí n tún ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹrù yẹn kà fún òun.