Ọdún tí mo bá Moshoeshoe gbé

Lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí, ohun méjì péré ni mo kọ síbẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ pé mo fẹ́ ṣe lọ́dún yìí: kí n gba ilẹ̀ bàbá wa padà, kí n sì mọ ìtàn ọba Áfíríkà kan délẹ̀délẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èkejì yóò di ìdájọ́ lé àkọ́kọ́ lórí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà kò gùn. Àbúrò mi, ọmọ bàbá mi, ta apá kan nínú oko ìdílé láìsọ fún ẹnì kankan, nígbà tí a kò tíì ṣe ọdún bàbá. Mo ti san owó fún lọ́yà. Mo ti búra pé kò ní tẹ àgbàlá wa mọ́.

Ọba tí mo yàn ni Moshoeshoe, ẹni tó kó àwọn Basotho jọ ní gúúsù Áfíríkà. Kì í ṣe ọmọ ọba ńlá, ọmọ baálẹ̀ abúlé kan ni. Nígbà tí ogun àti ìyàn tú ìlú ká lágbègbè wọn, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Butha-Buthe ní 1824 lọ sí Thaba Bosiu, òkè tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí omi ń sun níbẹ̀, tí ọ̀nà àtigùn rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí Olúmọ ṣe fún Ẹ̀gbá, yóò mọ ohun tí irú òkè bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí ogun ń lé.

Ìrìn yẹn ni bàbá bàbá rẹ̀, Peete, bá lọ. Àwọn ènìyàn olórí kan tó ń jẹ́ Rakotsoane, tí ìyàn ti sọ di ajẹ̀nìyàn, mú arúgbó náà, wọ́n sì jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ Moshoeshoe, gbogbo ènìyàn ń retí pé yóò pa wọ́n. Ó ní sàréè bàbá òun àgbà ni ikùn wọn, òun kò ní ba sàréè náà jẹ́. Ó ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń ṣe ètùtù lójú oórì pa ikùn wọn, ó fún wọn ní màlúù, wọ́n sì di ará ìlú.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni mo ka ibẹ̀ yẹn. Mo pa ìwé dé. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Màlúù gan-an ló fi kọ́ ìlú. Ẹni tó dé lọ́wọ́ òfo á gba màlúù sìn, wàrà rẹ̀ á di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọba ló ni ẹran. Mafisa ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ ogun Mzilikazi, ọba Ndebele, gbógun wá ní 1831, àwọn Basotho yí òkúta lù wọ́n látorí òkè títí wọ́n fi padà, Moshoeshoe tún fi màlúù ránṣẹ́ tẹ̀ lé wọn pé ebi ló gbé wọn wá. Ní 1852, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, Cathcart, béèrè 10,000 màlúù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jà ní Berea, apá Gẹ̀ẹ́sì kò ká a. Lóru ọjọ́ náà gan-an ni Moshoeshoe kọ̀wé sí Cathcart pé kó jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín pé inú rere rẹ̀ gba gbogbo nǹkan là. Ogun àwọn Boer, àwọn òyìnbó àgbẹ̀ tó dá ìjọba Orange Free State sílẹ̀ nítòsí wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1865, jó oko rẹ̀ run. Wọn kò gba Thaba Bosiu, ebi ló fẹ́ gbà á. Èyí tó dùn mí jù ni pé Molapo, ọmọ bíbí inú rẹ̀, dá lọ bá ọ̀tá ṣe àdéhùn tirẹ̀ ní 1866. Arúgbó náà ní láti bẹ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n wá dáàbò bo òun, wọ́n sì gbà á ní oṣù Ẹrẹ́nà 1868, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà ní ìwọ̀ oòrùn odò Caledon lọ, kò padà di tiwọn títí dòní. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Ẹrẹ́nà 1870. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tú ká. Àwọn ló gba òmìnira ní 1966 pẹ̀lú orúkọ Lesotho.

Oṣù Èbìbí ni mo pe àbúrò mi. Ó dé, ó dúró sẹ́nu géètì, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo bu omi, mo kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú rẹ̀ kí n tó gbé e fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.” Ọmọ rẹ̀ ló wà ní ọsibítù nígbà tó ta ilẹ̀ náà. Ó tijú láti sọ fún wa, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí kò ṣeé sọ fún.

Ilẹ̀ yẹn kò padà. Ẹni tó rà á ti to búlọ́ọ̀kù sí i. Owó lọ́yà náà lọ. Àbúrò wa obìnrin kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti dá ẹjọ́ dúró, mo ṣì ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lánàá, àbúrò mi pè mí, ó béèrè ohun tí òun máa mú wá fún ọdún tuntun. Mo ní kó mú iṣu wá, kó sì kó àwọn ọmọ dání.